Ife Tó La Ètè Ehoro

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o! Àbí ẹ̀yin tí ẹ jẹun yó yìí ti ń tòògbé ni?

Ààlọ̀, Ìyá Àgbà!

Ó dáa. Àlọ́ mi gbéra, ó gba ẹ̀yìn ìdáná wá, ó fo odó kọjá, ó fo àmù kọjá, kò balẹ̀ sórí ẹnikẹ́ni àfi orí Ehoro elétí gígùn, tó ra ife mẹ́fà tí kò jẹ́ kí aládùúgbò sinmi.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń fọnná lọ́dọ̀ ara wọn, Ehoro ló ní ètè tó dára jù ní gbogbo ìlú. Kì í ṣe ètè tí ẹ ń rí lónìí o. Ètè rẹ̀ nígbà náà pé pérépéré, kò sí àpá kankan lára rẹ̀.

Ètè yẹn ló fi ń súfèé. Bí ó bá ń lọ sóko láàárọ̀ tí ó bá súfèé, ẹni tó ń gúnyán á gbé ọmọ odó dúró sókè. Ọmọ tó ń ké á dákẹ́. Àwọn ẹyẹ pàápàá á panu mọ́ nítorí ìtìjú.

"Ìyá Àgbà, ṣé ẹyẹ máa ń tijú ni?"

Ìbídùn, ọjọ́ tí o bá pàdé ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ jù ọ́ lọ, wá sọ fún mi bóyá o ò ní tijú. Ẹ jẹ́ n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ọmọbìnrin kan wà ní abúlé kejì tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró. Ọmọ ènìyàn ni. Ìyá rẹ̀ ń hun ẹní, òun náà sì ń bá ìyá rẹ̀ hun ún. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Ehoro bá ń ti oko bọ̀, tí ó bá dé kọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹ̀yìn ilé wọn, á súfèé. Àwẹ̀ró á sì ju ewé ẹní sílẹ̀, á jáde.

Kò fi í pamọ́ fún un pé súfèé yẹn ló wu òun. Etí gígùn kò wù ú. Eré sísá kò wù ú. Ìrù bíńtín yẹn, ó ní kí ó má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n bí Ehoro bá ti súfèé, ọkàn Àwẹ̀ró á rọ̀ bí ẹ̀kọ, á ní òun kò mọ ohun tí òun fẹ́ fi ayé òun ṣe bí òun kò bá máa gbọ́ ohùn náà.

Nígbà tó yá, Ehoro ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ìyá Àwẹ̀ró kì í ṣe ẹni tí ń kánjú. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n àwọn yóò wá wo ilé tí ọmọ àwọn ń bọ̀ kí àwọn tó dáhùn. Òun fúnra rẹ̀ yóò wá, Àwẹ̀ró yóò wá, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá Àwẹ̀ró mẹ́rin náà yóò wá. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n dá. Ẹ kà á, èèyàn mélòó nìyẹn?

"Mẹ́fà!"

Mẹ́fà géérégé. Ehoro wo ilé rẹ̀. Òrùlé ń jò, kò rí i. Ẹsẹ̀ àga kan ti kán, kò rí i. Ohun tó rí ni pé igbá ni òun fi ń mu omi. Ó ní àwọn àna òun kò ní fi igbá mu omi nílé òun láé, àfi gíláàsì, gíláàsì tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á rò pé ńṣe ni omi náà dúró fúnra rẹ̀.

Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ní gíláàsì ní ìlú wọn. Ẹni tó lówó díẹ̀ ń lo ife tánńganran, àwọn yòókù ń lo igbá. Ehoro bá lọ bá Bàbá Ṣọ́nibárẹ́, bàbá arúgbó kan tó ń fi apẹ̀rẹ̀ kiri gíláàsì láti ìlú dé ìlú. Ó ra mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí bàbá náà ti ń fi koríko gbígbẹ dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń kìlọ̀. Ó ní kí ó má da ohun gbígbóná sínú gíláàsì tútù lójijì. Ó ní bí ó bá fọ̀ wọ́n tán, kí ó má ki ọ̀kan bọ inú èkejì tòun ti omi lára. Ehoro ń súfèé. Nígbà tí bàbá náà rí i pé òun ń bá ìgbẹ́ sọ̀rọ̀, ó di apá rẹ̀ mú.

Ó ní, "Gbọ́ ẹyọ kan yìí. Gíláàsì tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣẹ́, kì í ṣe ife mọ́, ọ̀bẹ ni. Má fi mu, má sì fún ẹnikẹ́ni mu."

Ehoro ní òun ti gbọ́. Etí rẹ̀ sì gùn tó láti gbọ́, ṣùgbọ́n ètè ló ń lò lọ́jọ́ náà.

Ó délé, ó to ife mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sójú fèrèsé níbi tí oòrùn á ti kọlù wọ́n. Ó jókòó tì wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ bá mi gbè é. "Ó ń dán gbinrin" ni ègbè yín, kí ẹ má sì gbé e ju bó ti yẹ lọ, ẹ ò níí ta á.

Ife mi tuntun o,
*Ó ń dán gbinrin.*
Ife mi mẹ́fà o,
*Ó ń dán gbinrin.*
Onígbá, ẹ yà o,
*Ó ń dán gbinrin.*
Àna mi ń bọ̀ o,
*Ó ń dán gbinrin.*
Kò ní figbá mumi o,
*Ó ń dán gbinrin.*

Àkàndé, ìwọ nìkan lo ń fi ohùn àgbò gbè é. Kò burú.

Òkété ni aládùúgbò Ehoro. Òkété kì í ṣe aláriwo, ilẹ̀ ló máa ń gbẹ́ ní tirẹ̀. Ó ti oko dé lọ́jọ́ kan, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ní kí Ehoro jọ̀ọ́ fi ọ̀kan nínú ife náà bu omi fún òun kí òun náà mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Ehoro ní ife àlejò ni. Òkété ní òun náà kì í ṣe onílé. Ehoro ní àlejò tòun kì í ṣe irú èyí tó ní erùpẹ̀ lẹ́nu.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ ò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni? Ife tó dára á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, onílé á máa fi ike mu omi, títí tí yóò fi kú. Ọjọ́ òkú rẹ̀ ni wọ́n á tó kó ife náà jáde fún àwọn tí kò sunkún rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn àna dé, Ehoro fọ ife mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó fọ̀ wọ́n mọ́ o, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ti kún fún àwo tó yá nítorí àlejò, kò rí ibi tí yóò tò wọ́n sí. Ó bá ki ọ̀kan bọ inú èkejì, èkejì bọ inú ẹ̀kẹta, omi lára wọn, ó sì lọ gbálẹ̀.

Nígbà tó padà dé, ife mẹ́rin gbà láti jáde, méjì kọ̀. Wọ́n di ara wọn mú bí ọkọ àti ìyàwó tuntun. Ehoro fà á, kò gbọ́. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ògiri, ó fà á, kò gbọ́. Ó pe Òkété kí ó wá di ìdí ọ̀kan mú. Òkété ní kí ó fara balẹ̀, kí ó gbé ti ìta sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, kí ó da omi tútù sínú ti inú, yóò já fúnra rẹ̀. Ehoro ní ta ní fẹ́ máa dáná nítorí ife. Ó fi í gbá òpó ilẹ̀kùn.

Kín-ín.

Ife méjèèjì já lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n wóro ìrẹsì kan bọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀kan. Wóro ìrẹsì kan péré. Bí èèyàn kò bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, kò lè rí i.

Òkété rí i. Ó bá Ehoro fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ ibẹ̀, ó fi ewé kó àfọ́kù náà kí ó má baà gún ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀, ó wá na ọwọ́ pé kí Ehoro gbé ife náà wá kí àwọn rì í mọ́lẹ̀ pọ̀. Ehoro gbé e pamọ́ sẹ́yìn.

Ó ní, "Àna mẹ́fà ló ń bọ̀. Bí mo bá fún márùn-ún ní gíláàsì, tí mo fún ẹnì kan ní igbá, ṣé ẹni yẹn kò ní sọ pé mo fojú kéré òun ni?"

Òkété ní, "Fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní igbá."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, àwa ìbá ti lọ sùn. Ṣùgbọ́n Ehoro wo Òkété bí ẹni tó bú ìyá rẹ̀. Ó ní òun ti kọrin ife fún gbogbo ìlú, ta ní máa wá kọrin igbá?

Ó wá oje igi máńgòrò, ó fi lẹ ojú ibẹ̀, oje náà bọ́. Ó gbìyànjú láti fi òkúta yùn ún, ẹnu ife túbọ̀ mú sí i. Nígbà tó yá, ó dá ọgbọ́n kan. Ó ní ibi tó ṣẹ́ kò ju ojú kan lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá Àwẹ̀ró tó kéré jù, tí kì í sọ̀rọ̀, lòun á gbé e fún. Bí òun bá sì ń gbé e fún un, òun á kọ ojú ibi tó ṣẹ́ sí ara òun, kí ti àlejò lè jẹ́ ibi tó dán. Ó ní bí àlejò bá ti gbé ife sẹ́nu níbi tí a kọ sí i, kí ló kù? Ẹni tó bá ń fi ọgbọ́n tó bẹ́ẹ̀ wá àwáwí fún ara rẹ̀ ti mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dáa.

Ilẹ̀ mọ́, àwọn àna dé. Ehoro dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n jókòó, wọ́n wo òkè, wọ́n rí ojú ọ̀run láti inú òrùlé. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Ehoro. Ọkàn Ehoro kún, ó ní lónìí ni òun á gbéyàwó.

Ó to ife mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí àwo pẹrẹsẹ, omi tútù láti inú àmù nínú wọn. Ó fi èyí tó ṣẹ́ sí ìparí. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá tó dàgbà jù. Bàbá náà na ọwọ́, ó wá fà á sẹ́yìn. Ó ní lónìí kì í ṣe ọjọ́ ti àwọn, ọjọ́ ìyá ọmọ ni, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó sì fúnra rẹ̀ yí àwo náà po.

Ife tó ṣẹ́ dé iwájú Ìyá Àwẹ̀ró.

"Yéè!"

Ẹ dákẹ́, kò tíì ṣẹlẹ̀.

Òógùn bo Ehoro, ṣùgbọ́n ó rántí ọgbọ́n rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà, ó kọ ojú tó ṣẹ́ sí ara rẹ̀, ó nà án sí ìyá náà. Ìyá náà kò gbà á.

Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, onílé ló ń kọ́kọ́ fẹnu kan omi kí àlejò tó mu. Fẹnu kàn án."

Ẹ̀yin náà mọ àṣà yìí. Kì í ṣe pé ó fura sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe láyé ìgbà náà. Ehoro sáré na ọwọ́ sí igbá tirẹ̀, ó ní òun á mu láti inú ìyẹn. Ìyá náà mi orí. Ó ní kì í ṣe inú igbá, inú ife tó fẹ́ kí òun mu ni.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ojú tó ṣẹ́ kọ sí Ehoro. Bí ó bá yí ife náà, ojú mẹ́jọ àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá Àwẹ̀ró ń wò ó. Ẹni tó bá ń yí ife kí ó tó mu, àwọn àgbà á ní ó mọ ibi tó fi májèlé sí. Bí kò bá yí i, ọ̀bẹ ló fẹ́ gbé sẹ́nu.

"Ìyá Àgbà, kí ló dé tí kò kúkú sọ òótọ́?"

Ìbídùn, ibi tó ń dùn mí nínú àlọ́ yìí gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni: "Ẹ má bínú, Ìyá, ife yìí ti ṣẹ́ lẹ́nu, ẹ jẹ́ n fi igbá bu omíràn." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á mu igbá, wọ́n á fún un ní Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n orin ife ṣì ń ró létí rẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu.

Ó fẹ́ fi ètè kàn án díẹ̀ báyìí ni, bí adìẹ ṣe ń mumi. Ẹ̀gbọ́n bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ wá rí ẹnu sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun kò rí i kí ó gbé e mì. Ehoro bá ṣíjú sókè, ó dà á sí ọ̀nà ọ̀fun.

Wóro ìrẹsì kan péré. Ó la ètè òkè rẹ̀ ní àárín gbùngbùn, láti ìsàlẹ̀ dé imú.

Ká ní igbá ni, kò sí ẹni tí ì bá tètè rí i. Gíláàsì ni. Gbogbo wọn rí i bí omi tó mọ́ ṣe ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ehoro di ife mú, ó ní "fò fí nǹkan, mà, fò fí nǹkan rárá."

"Fò fí nǹkan!"

Ẹ máa sín in jẹ, "kò sí nǹkan" ló fẹ́ sọ, òun náà kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ń jáde. Ẹ̀gbọ́n bàbá àkọ́kọ́ ní májèlé ni, ó kó agbádá, ó gba ẹnu ọ̀nà. Èkejì gba ojú fèrèsé. Ẹ̀kẹta jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, òun àti àga jọ dùbúlẹ̀. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ní òun kò wí nǹkan kan o.

Ìyá Àwẹ̀ró nìkan ni kò sá. Ó gba ife náà, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó rí ibi tó ṣẹ́. Òkété tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wá rọra ṣàlàyé ohun gbogbo: bí ife ṣe há, bí ó ṣe ṣẹ́, bí òun ṣe bẹ Ehoro kí ó rì í mọ́lẹ̀. Ìyá náà fa etí ìborùn rẹ̀ ya, ó fi tẹ ètè Ehoro títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, ó ní kí wọ́n gbé omi iyọ̀ wá. Ẹ rí i pé kì í ṣe ìkà.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dá, ó ní, "Mi ò bínú sí ife. Ife á fọ́, igbá náà á fọ́. Ìwọ ló ń bí mi nínú. O mọ̀, o ní ẹnu, o ò fi sọ fún mi. Bí ọmọ mi bá wà nílé rẹ, tí nǹkan bá fọ́, ojú tó dán nìkan ni ìwọ á máa kọ sí i."

Ó dìde. Ó di ọwọ́ Àwẹ̀ró mú, wọ́n lọ. Àwẹ̀ró ń sunkún, ó ń wẹ̀yìn.

Ehoro sáré tẹ̀lé wọn títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó mọ ohun tó lè dá Àwẹ̀ró padà. Ohun kan ṣoṣo ni. Ó mí kanlẹ̀, ó ká ètè, ó súfèé.

Afẹ́fẹ́ ló jáde.

Ó tún súfèé. Afẹ́fẹ́. Àwẹ̀ró dé kọ̀rọ̀ ọ̀nà, ó dúró. Ó yọ ọwọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó dúró, ó ń retí. Ó dúró pẹ́. Ká ní ó gbọ́ súfèé ẹyọ kan, ì bá padà, ìyá rẹ̀ kì bá sì lè dá a dúró. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wọ kọ̀rọ̀ náà, ó lọ.

Ẹ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi náà kì í rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá rí Ehoro lóko, ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Kì í dúró jẹ́ẹ́. Bó ń jẹ, bí kò jẹ, ètè yẹn á máa mì, wìrì wìrì. Àwọn kan ní koríko ló ń rún. Irọ́ ni. Súfèé ló ṣì ń wá.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò le. Gíláàsì tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣẹ́, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ má fi mu, ẹ má gbé e fún àlejò, ẹ má fún àbúrò yín. Ẹ sọ fún àgbàlagbà, kí ó fi àkísà dì í, kí ó gbé e dànù síbi tí ẹsẹ̀ kò ní dé. Ohun tí ìwọ kò bá sì lè fẹnu ara rẹ kàn, má gbé e sí ẹnu ẹlòmíràn.

Ibi tí mo ti bá àlọ́ yìí ni mo dá a padà sí. N kò bu kún un, n kò bu kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kí ó lọ bi Ehoro, kí ó sì fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí yóò bá a sọ.

"Fò fí nǹkan, mà!"

Ẹ gbéra, ẹ lọ sùn.